Ta Ni Olùṣọ́ Ń Jíṣẹ́ Fún?

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń yan ọdẹ láti ṣọ́ ìlú lóru, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn irú ẹni bẹ́ẹ̀: kí ó rí, kí ó sì wí. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé wòlíì Esekiẹli mọ bí ẹ̀bi olùṣọ́ ti pọ̀ tó, bí ó bá rí ewu tí kò sì fọn ìpè. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́ ìwàásù lé lórí, èyí ni ti olùṣọ́ tí ń ròyìn ohun gbogbo fún ẹni gbogbo. Àwọn àgbà wí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Àní ọdẹ tí ó bá rí ọkùnrin kan tí ń ti ilé oníṣègùn bọ̀ lóru kò ní í kígbe rẹ̀ lọ́jà ní òwúrọ̀. Olùṣọ́ tuntun kan ti wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn nísinsìnyí tí kò ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Àwa onílé ni a ó ní in fún un, bí a ó bá ní in rárá.

Kámẹ́rà ni olùṣọ́ náà. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju kí ó máa wò lọ. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni a ń fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń wò. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Frigate. Orí kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé ni ó ti ń yẹ àwòrán wò, láìrán an lọ sí òkèèrè, a sì máa mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó ń bọ̀, tàbí ajá, tàbí ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá sọ fún àwọn ohun èlò yòókù: fún gílóòbù kí ó tàn, fún agogo kí ó dún, fún fóònù kí ó gbọ̀n nínú àpò onílé. Èdè tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ni à ń pè ní MQTT.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ ibi tí èdè yìí ti wá. Ní ọdún 1999 ni Andy Stanford-Clark, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ IBM, àti Arlen Nipper ṣe é, kì í sì í ṣe nítorí ilé gbígbé, bí kò ṣe nítorí ọ̀pá epo rọ̀bì tí ó gùn lọ rẹrẹ. Sátẹ́láìtì ni ìròyìn ọ̀pá náà ń gbà kọjá, owó rẹ̀ sì wọ́n, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Alárinà kan ni ó wà láàrin. Ẹ̀rọ tí ó bá ní ìròyìn kì í wá olùgbọ́ kiri. Alárinà ni yóò fà á lé lọ́wọ́, lábẹ́ àkọlé kan. Ẹ̀rọ tí ó bá sì ti sọ fún alárinà tẹ́lẹ̀ pé òun ń fẹ́ ìròyìn abẹ́ àkọlé náà ni yóò gbà á. Ẹ̀rọ tí ó ròyìn kò mọ ẹni tí ó gbọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà jíṣẹ́ nínú èdè yìí, àwọn olùkọ́ yóò sì mọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára àwọn ọmọ tí wọ́n ti rán níṣẹ́ rí. Ọmọ kan a ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì sá padà, ìbáà ṣe pé wọ́n gbọ́ tàbí wọn kò gbọ́. Ọmọ kejì a máa tún un wí títí wọn yóò fi dá a lóhùn, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta a rí i dájú pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́, kò dín, kò lé. Ẹ̀rọ tún lè fi ìwé ìhágún sílẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà, bí ẹni pé ó wí pé, “Bí ohùn mi bá dákẹ́ lójijì, ẹ kéde rẹ̀ fún àwọn tí ń retí mi.” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Frigate ń ṣe. Bí olè bá gé okùn rẹ̀, dídákẹ́ rẹ̀ di ìròyìn. Èyí wù wá púpọ̀, nítorí a mọ àwọn olùṣọ́ ẹlẹ́ran-ara tí wọ́n sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ tí ẹnìkan kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára èdè yìí wà ni ewu rẹ̀ wà pẹ̀lú. Níwọ̀n bí ẹni tí ń ròyìn kò ti mọ ẹni tí ń gbọ́, gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wà lọ́wọ́ alárinà. Àmì kan wà, èyí tí a ń kọ báyìí: #. Ẹ̀rọ tí ó bá fi í ránṣẹ́ sí alárinà ń wí pé, “Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.” Bí alárinà kò bá sì béèrè orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà, àlejò tí a jẹ́ kí ó lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa fún wákàtí kan lè jókòó sí pálọ̀ kí ó sì mọ ìgbà tí ìyàwó ilé jáde, ìgbà tí àwọn ọmọ wọlé, àti ìgbà tí kò sí ẹnìkan nílé. Mosquitto, alárinà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, yí ìwà rẹ̀ padà ní 2020: láti ìgbà náà, bí onílé kò bá fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rọ tí ó wà lóde, kò ní í dá a lóhùn. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, onílé tí ó ń kánjú lè fi ìlà méjì ṣí ohun tí wọ́n tì, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń kánjú.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa pé, kí ni ó tilẹ̀ yẹ kí olùṣọ́ fi ránṣẹ́? Frigate lè fi iye ènìyàn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́, ó sì lè fi àwòrán ojú wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Gílóòbù kò nílò ojú àlejò kí ó tó tàn. “Ènìyàn kan wà ní ẹnu ọ̀nà” ti tó fún un, ó sì tó fún agogo. Lójú tiwa, èyí ni iyì tí ó wà nínú síso kámẹ́rà mọ́ irú ètò ìròyìn bẹ́ẹ̀: ilé lè ṣe ohun tí ó yẹ nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí àwòrán sì wà níbi tí ó wà. Ohun tí ó lè dé bá àwòrán tí ó kúrò nílé kò fara sin. Ní 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà fi ẹ̀sùn kan Ring, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà tí í ṣe ti Amazon, pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ní 2017 ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán àwọn obìnrin nínú ilé wọn, títí kan ibi tí wọ́n ń sùn. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Àwọn obìnrin wọ̀nyí rà olùṣọ́ kí ojú burúkú má ba à wọ ilé wọn.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ilé mi ni, owó mi ni, olè sì ti jà mí rí.” A kò kó ọ̀rọ̀ yìí dànù. Ní ilẹ̀ Czech, wọ́n fọ́ fèrèsé ọkùnrin kan léraléra, ó sì gbé kámẹ́rà kọ́ sábẹ́ òrùlé rẹ̀ láti 2007 dé 2008. Kámẹ́rà náà rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí ojú títì, ó sì rí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó kọjú sí i. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ mọ àwọn méjì tí a fura sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn pe ẹjọ́ lórí kámẹ́rà náà. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù wí pé ojú tí ó bá ti wo ojú títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé nìkan mọ́. Òfin gbọ́dọ̀ bá a wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kan náà lè ro ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà láti dáàbò bo ẹ̀mí àti dúkìá rẹ̀. Ó rò wá lójú pé ìdájọ́ náà tọ́. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ọkùnrin náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ilé òdìkejì kò fọ́ fèrèsé kankan.

Ní Nàìjíríà, òfin 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni fi ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ìlò ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lápá púpọ̀, níwọ̀n bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ìpamọ́ tí ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 mọ́lẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ògiri wa, ẹ̀rí-ọkàn ni yóò ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, níbi tí ìyá àgbà ti ń wẹ̀. Onílé kan lè fi Frigate ya ìbòjú sí apá ibẹ̀ nínú àwòrán, kí ó sì rò pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbòjú náà kàn ń mú kí olùṣọ́ má ròyìn ohun tí ó wà níbẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ṣì ń wò ó, àwòrán rẹ̀ sì ń bọ́ sínú àpótí. Kí a yí kámẹ́rà padà, tàbí kí a fi ètò inú kámẹ́rà gan-an bo ibẹ̀ dúdú.

Ẹ sì wo ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò lè sọ pé òun kò fẹ́. Nígbà tí Hagari sá lọ sí aginjù, ìtùnú ni ó jẹ́ fún un pé Ọlọ́run rí òun, nítorí Ẹni tí ó rí i gbọ́ ìpọ́njú rẹ̀. Kì í ṣe irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tí fóònù ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà gbogbo tí ó bá fẹsẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé ń rí. Kí a fi ibi tí kámẹ́rà wà hàn án, kí a sọ ohun tí ó ń rò fún un, àti fún ta ni. Frigate a máa gba àṣẹ pẹ̀lú lọ́wọ́ alárinà kan náà, kí ó dá wíwò àti gbígba àwòrán dúró lójú kámẹ́rà kan títí a ó fi pè é padà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé olè lè gba ibẹ̀ wọlé ní àkókò náà, kí ó rántí pé ènìyàn alààyè tí ojú rẹ̀ là wà níbẹ̀. A lè fi bọ́tìnnì kan sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí ọmọbìnrin náà máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ jókòó di irun rẹ̀, kí alárinà sì gbé àṣẹ rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé ti ọ̀gá rẹ̀.