Bí Ọ̀rọ̀ Kò Bá Yé Ará Ìjókòó, Ta Ló Jẹ̀bi?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí òwe ń wí ni èyí tí olùsọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dá sí, tí olùgbọ́ sì mọ èyí tó kù. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri àti òrùlé ló gé ọ̀rọ̀ sí àbọ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í di odidi nínú ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọlúwàbí tó. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba kò bá yé àwọn tó jókòó, ta ló jẹ̀bi?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mo jẹ́ akápò fún ṣe ìpàdé ọdọọdún ní gbọ̀ngàn kan tí a háyà nítòsí Eastbury, ní Barking níhìn-ín. Òrùlé gbọ̀ngàn náà ga, bíríkì ni ògiri rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sì sí kọ́tìnì kankan. A gbé sípíkà ńlá méjì síwájú. Mo ka ìṣirò owó ọdún náà, mo sì ka àbá pé kí owó ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú di pọ́ùn mẹ́wàá lóṣù. Àwọn ará ẹ̀yìn ké pé àwọn kò gbọ́. Ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ yí i sókè. Wọ́n tún ké, ó tún yí i sókè. Níkẹyìn gbogbo ilé pariwo pé "A gbà!" Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìpàdé fohùn ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù méjì, màmá kan tó jẹ́ opó pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti san pọ́ùn mẹ́wàá ọdún yìí. Kí ló dé tí ẹ tún ń béèrè?" Ọdọọdún ni a ti ń san owó náà látẹ̀yìnwá. "Pọ́ùn mẹ́wàá" dé etí wọn, "lóṣù" ni kò dé. Mo dáhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí a gbà á." Wọ́n ní, "Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo ni mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ìwé ìpàdé tí mo fọwọ́ sí sọ pé gbogbo ènìyàn gbà. Ǹjẹ́ ẹni tí kò gbọ́ lè gbà?

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí yíyí ẹ̀rọ sókè kò fi ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò tú àdììtú yìí ni Wallace Sabine, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1895 wọ́n ní kí ó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí kò ṣeé lò, nítorí pé ìró tí ènìyàn bá pa nínú rẹ̀ a máa dún ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kí ó tó kú. Lóru, nígbà tí gbogbo nǹkan bá pa rọ́rọ́, Sabine a kó tìmùtìmù ìjókòó wá láti gbọ̀ngàn mìíràn, a fi fèrè dùùrù pa ìró, a sì ka àkókò tí ìró náà fi kú. Ó rí i pé bí ilé bá ṣe tóbi tó ni ìró ń pẹ́ nínú rẹ̀ tó, àti pé ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù, aṣọ àti ara ènìyàn pàápàá a máa gbé ìró mì. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn orin ìlú Boston, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900.

Nínú ilé tí kò sí ohun rírọ̀, oríṣi ohùn méjì ló ń dé etí wa. Èkíní wá tààrà láti ẹnu sípíkà, èkejì lu ògiri àti òrùlé kí ó tó dé. Bí a bá ṣe jìnnà sí sípíkà tó ni èkejì ń borí èkíní tó. Bí a bá yí ẹ̀rọ sókè, méjèèjì ló jọ ń ga. Bí oníṣòwò bá sọ owó tó ń wọlé fún un di ìlọ́po méjì, tí gbèsè rẹ̀ náà sì di ìlọ́po méjì, kò sí oníṣirò owó tí yóò sọ fún un pé ọjà ti dára sí i.

Ewu èyí kò kéré fún èdè olóhùn bíi tiwa. Ohùn nìkan ló ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ohùn òkè kò bá tíì kúrò nínú afẹ́fẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ tó dé, wọn a lú pọ̀ mọ́ra. Ẹ tún wò ó, orúkọ kan náà, gbohùngbohùn, ni a fún ìró tí ògiri ń dá padà àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Bí ẹni pé àwọn tó sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ ti mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lè dà bí a kò bá ṣọ́ra.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i. Lábẹ́ òrùlé rìbìtì Kàtídírà St Paul's ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ìró a máa dún ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1951, P. H. Parkin àti J. H. Taylor ṣe ètò ẹ̀rọ tuntun síbẹ̀. Kì í ṣe sípíkà tó lágbára jù ni wọ́n wá. Wọ́n to sípíkà púpọ̀ lé ara wọn nínú àpótí gígùn tó nàró bí òpó, kí ohùn lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó jókòó, kí ó má lọ sí òrùlé. Èyí tó jìnnà sí àga ìwàásù, wọ́n dá ohùn rẹ̀ dúró díẹ̀ kí ó tó jáde. Ìdí ni pé iná mànàmáná yára púpọ̀, nígbà tí ìró kì í rìn ju nǹkan bí mítà 340 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Helmut Haas ti fi hàn ní Jámánì ní ọdún 1949 pé bí ohùn kan náà bá ti ibi méjì wá, tí èkejì fi ìwọ̀nba díẹ̀ gan-an pẹ́ ju èkíní lọ, etí a kà wọ́n sí ọ̀kan, a sì gbà pé ibi tí èkíní ti wá ni ọ̀rọ̀ ti wá. Nítorí náà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ ketekete, ó sì dà bí ẹni pé ẹnu oníwàásù gan-an ló ti ń gbọ́ ọ. Àwo mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí ni wọ́n fi dá ohùn dúró nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é lónìí.

Nígbà tí mo kà á, akéde ìlú ló wá sí mi lọ́kàn. Akéde kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà ààfin kí ó máa pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. A lu agogo kí etí lè ṣí, a sọ̀rọ̀, a sì kọjá sí àdúgbò mìíràn lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó mọ̀ pé sísúnmọ́ni ló ń mú ọ̀rọ̀ yéni. Àwa tí a ní iná mànàmáná ni a gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ẹ̀rọ tó ń jí ará àdúgbò lójú oorun lè má tíì jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹnì kan lè ní màmá náà ni kò béèrè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, nítorí olùgbọ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ̀ẹ̀melòó ni àgbàlagbà lè sọ pé òun kò gbọ́ kí ojú tó tì í? Ẹni tí máíkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní agbára, òun náà ló sì yẹ kí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò kò jẹ̀bi, àpótí ni. Ènìyàn tó bá sọ ara rẹ̀ di asọ̀rọ̀mágbèsì níwájú ìpàdé ló yẹ kí ó bẹ̀rù.

Ní àwọn ọdún 1970, Houtgast àti Steeneken ní ilẹ̀ Netherlands gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yéni tó, láti 0 dé 1. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ibi tí olùgbọ́ wà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹnu olùsọ̀rọ̀. Ìwà ọmọlúwàbí ni mo ka ìyẹn sí. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti sọ̀rọ̀, àga ẹ̀yìn ni kí n lọ béèrè.

Mo padà sọ fún ẹgbẹ́ pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe òtítọ́. Inú àwọn kan kò dùn, nítorí a ti ń gba owó náà. A pe ìpàdé mìíràn. A ta kọ́tìnì, a gbé sípíkà kéékèèké mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì nítòsí àwọn ènìyàn, a yí wọn sílẹ̀, a sì ní kí ẹnì kan ní ẹ̀yìn tún àbá náà sọ kí a tó dìbò. Wọ́n gbọ́ ọ yékéyéké, wọn kò sì gbà á. Pọ́ùn mẹ́ta lóṣù ni wọ́n fara mọ́, a sì dá èlé padà.

Ó dùn mí díẹ̀, nítorí èmi ni mo ṣírò àbá náà, ìṣirò náà sì pé. Ṣùgbọ́n "rárá" tí ènìyàn sọ lẹ́yìn tó gbọ́ wúlò fún ẹgbẹ́ ju "bẹ́ẹ̀ ni" tí ó sọ nínú ariwo lọ.