Bí Ọkàn Bá Sá Lọ sí Ọjà

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti pa àṣàrò tì. A jókòó ní Bódìjà láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké lójúlé kejì, ọkàn wa ti dé ìsọ̀ aláta. A wá ń bi ara wa pé, àbí ẹ̀tàn ni ìjókòó yìí níwájú Ọlọ́run? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Susanna, ìyá John Wesley, bí ọmọ 19. Wọ́n ní aṣọ ìdáná rẹ̀ ló máa ń fi borí gbàdúrà láàárín ariwo ilé. (Ta ni ì bá fún un ní yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́?) Àṣàrò kì í ṣe pé kí ọkàn ṣófo. Ọ̀rọ̀ kan là ń rò ní àròtúnrò. Bí ọkàn bá sá lọ sí Dùgbẹ̀, a ó pè é padà, ìpè yẹn sì wà lára iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ àná, a pè é tó ìgbà méje kí omi ẹ̀kọ tó hó.