Orúkọ Ta Ni Kí A Kọ Sí Ojú Aago?

Jẹ́ kí á gbà, ìwọ ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ní Magboro, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ aago. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó ti tábìlì rẹ̀, yóò mú fáìlì, ẹ̀mú tínrín àti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò sì máa ṣe aago ọwọ́ ìmúròde kan, aago pẹlẹbẹ, olójú funfun, tí ó yẹ agbádá. Òun ni ó gé idẹ ojú aago náà, tí ó sì kùn ún. Òun ni ó fi fáìlì rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ara irin, tí ó rọra yan wọ́n lórí iná títí wọ́n fi gba àwọ̀ aró. Ó rán awọ rẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ó rà, láti ilẹ̀ Jàpáànù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ iṣẹ́ parí, ó ku orúkọ tí yóò kọ sí ojú rẹ̀. Ó fẹ́ kọ tirẹ̀. Bí ó bá sì wí fún àwọn ènìyàn pé, “Èmi ni mo ṣe é,” ṣé òtítọ́ ni ó sọ?

Má yára dáhùn. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta tí wọ́n sọ àdìrẹ di ohun àmúyangàn, aṣọ funfun tí a fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Manchester ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ sínú aró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ta ni ó pe àdìrẹ ní aṣọ Gẹ̀ẹ́sì rí? Alágbẹ̀dẹ tí ó fi irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rọ àdá kò wa irin náà nínú ilẹ̀, síbẹ̀ àdá rẹ̀ ni. Bí a bá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ́kọ́ wa bàbà kí á tó gbà pé ó ṣe nǹkan, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ṣe ohunkóhun rí láyé.

Ṣùgbọ́n aago kì í ṣe aṣọ. Kí ni ó sọ aago di aago? Bí a bá ṣí ẹ̀yìn irú èyí, a ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ká bí ẹní. Agbára tí a fi ká a ni ó ń fẹ́ tú jáde. Àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín ń gbé agbára náà lọ, ìdènà kékeré kan sì ń dá wọn dúró, ó ń jọ̀wọ́ wọn ní eyín kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ kan tí ń fì sọ́tùn-ún fì sósì ti ń pàṣẹ fún un. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ìgbà 18,000 ni a ń gbọ́ ìró náà ní wákàtí kan, èyíinì ni ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ojú àti ọwọ́ kàn ń ròyìn ohun tí inú ń ṣe ni. Ohun tí ó sọ àdìrẹ di àdìrẹ ni àwòrán inú aró, àwọn ìyá wa ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ohun tí ó sọ aago yìí di aago, ẹlòmíràn ni ó ṣe é.

Àwọn tí wọ́n ṣe inú pẹ̀lú òde kò pọ̀. Benjamin Banneker, adúláwọ̀ tí a bí ní Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1731, ni a gbọ́ pé ó yá aago àpò kan wò, ó wo bí àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rí, ó sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ irú wọn láti ara igi. Ní nǹkan bí 1753 aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù nínú ilé rẹ̀, ó sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní 1806 ni iná jó ilé náà, aago sì bá a lọ. Nítòsí ìgbà tiwa, George Daniels, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 2011, ń fi ọwọ́ ṣe aago ní erékùṣù Man. Gbogbo èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò tó 40. Irú ìdènà tuntun tí ó ronú kàn ni ilé-iṣẹ́ Omega bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1999.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. “Ṣe” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò bí ọjà, ohun gbogbo ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n a ní “gé”, a ní “rọ”, a ní “rán”, a ní “tò”. Ẹni tí ó wí pé, “Mo gé ojú rẹ̀, mo rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì to ìyókù pọ̀,” kò pàdánù ohunkóhun. N kò tilẹ̀ mọ ìyìn tí ó dùn ju ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí olùgbọ́ mọ ohun tí òun ń yìn.

O lè wí pé, “Kò tà á, kò gba owó ẹnikẹ́ni, ta ni irọ́ kékeré yìí pa lára?” Ó pa ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó dúró ti tábìlì náà lára. Ọmọ yìí gbà pé fáìlì àti oṣù mẹ́jọ péré ni aládùúgbò òun fi ṣe aago látòkèdélẹ̀. Ó lọ sílé, ó gbìyànjú láti gé kẹ̀kẹ́ eléyín kan ṣoṣo, kò rí i ṣe, ó sì gbà pé ọpọlọ òun kò jí. Kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń fi ara òun wé kò gé e rí. Irọ́ náà sì pa oníṣẹ́ pàápàá lára: ẹni tí a ti kí kú iṣẹ́ lórí ohun tí kò ṣe, kí ni yóò tún mú un jókòó kọ́ ọ?

Síbẹ̀ n kò ní kí ó má kọ orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe eré. Láàárín àwọn atúnṣe-aago, àṣà kan ti wà tipẹ́: ẹni tí ó bá tú aago lè fi ṣóńṣó irin ha àmì tirẹ̀ àti ọjọ́ sí inú ìdérí ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kì í rí. Bí mo bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, n ó ní kí ó kọ orúkọ sí ojú, kí ó sì ha ìyókù sí ibẹ̀: ẹ̀rọ láti Jàpáànù, ojú àti ọwọ́ láti Magboro, pẹ̀lú ọdún. Nígbà tí òróró inú rẹ̀ bá gbẹ tí aago sì dúró, atúnṣe kan yóò ṣí i lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, yóò kà á, yóò sì mọ irú ẹ̀yà tí òun yóò wá.