Ìwà, Aya Ọ̀rúnmìlà, àti Asano, Aya Àjàyí

Bí àgbà obìnrin bá sùn tí kò jí mọ́, ẹkún kì í wọ́n wa, bẹ́ẹ̀ ni ìnáwó òkú kì í ṣe ohun tí a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ohun tí ó máa ń rú wa lójú ni èyí tí a ó sọ nípa ayé rẹ̀ nígbà tí ariwo ìsìnkú bá rọlẹ̀. Jagunjagun ní ogun tí ó ṣẹ́, ọba ní ìlú tí ó tò, oníṣòwò ní ilé tí ó kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D, tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, tí ó sì tọ́ ọmọ títí ó fi gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, níbo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ Asano, aya Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni mo ń rò tí mo fi gbé ìbéèrè yìí tọ Ifá lọ, Ogbè Alárá sì ni odù tí ó dá mi lóhùn.

N kò rò pé mo ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́ obìnrin náà. Ẹni-Ọ̀wọ̀ E. M. Lijadu, oníwàásù Kristi, gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu àwọn babaláwo, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé láìkúrò nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìtàn Àjàyí Ògídí-olú, ọmọ Òṣogùn, sì sọ fún wa pé nígbà èwe rẹ̀, babaláwo ni ó wí fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n má fi í fún òrìṣà kankan, nítorí Ọlọ́run ọ̀run ni yóò sìn. Ifá tí ó ti sọ ti ọkọ kò lè yadi lórí ọ̀rọ̀ aya.

Ẹrú tí a dá nídè ni Asano, gẹ́gẹ́ bí Àjàyí fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Sàró ni a kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sàmì fún un tí wọ́n sọ ọ́ ní Susan, ibẹ̀ náà ni ó sì ti di olùkọ́. Ní 1829 ni wọ́n so òun àti Àjàyí pọ̀. Ní 1841 ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Odò Ọya, nínú ìrìn àjò tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ó tún lọ ní 1854, ó tún lọ ní 1857, nígbà tí ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Ayé mọ ìrìn àjò wọ̀nyí nítorí pé ẹni tí ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró ti ilé àti ọmọ ńkọ́? Òun ni ìyá Dandeson, tí ó di Áṣídíákónì lẹ́kùn Odò Ọya. Òun ni ìyá Abigail, tí ó jẹ́ aya T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Òun sì ni ìyá àgbà Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, ọdún kan náà tí a fi ọkọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury.

Ogbè Alárá sọ pé Ìwà ni orúkọ obìnrin tí Ọ̀rúnmìlà fẹ́, pé Sùúrù ni ó bí Ìwà, àti pé Olódùmarè ni ó bí Sùúrù. Obìnrin náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò mọ ìtọ́jú ilé, ọkọ sì ń bá a jà títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí ayé Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, fi dàrú: àwọn tí ń wá dá Ifá kò yà mọ́, iyì fò lọ, ọrọ̀ kò sì dùn ún ná. Akéréfinúṣọgbọ́n, tí ó mọ ìpín gbogbo ẹ̀dá, kò mọ ohun tí ń bẹ nínú ilé tirẹ̀ àfìgbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbé agọ̀ eégún wọ̀, ó ń ti ààfin Alárá dé ti Ajerò, ó ń kọrin, ó ń bèèrè aya rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé.

Èyí tí a sábà máa ń fà yọ nínú ẹsẹ yìí ni pé kí obìnrin máa ní sùúrù. N kò gbà pé ibẹ̀ ni Ifá ń lọ. Ọkọ ni ẹsẹ náà ń bá wí, ọkọ tí ó gbọ́n jù lọ láyé, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọlá rẹ̀ jáde. Síbẹ̀ ó yẹ kí a yìn ín, nítorí kò jókòó sílé kí ó máa ṣọ̀fọ̀. Ó dìde, ó wá a lọ. Lójú mi, kò sí ẹ̀kọ́ nípa ìrántí tí ó jinlẹ̀ tó èyí: ẹni tí yóò bá rántí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́bàá ibojì, kí ó máa ti ilé dé ilé, kí ó máa bèèrè ohun tí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olúkúlùkù.

Ẹni tí ó bá wá Asano báyìí yóò dé Sàró, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ìdáǹdè bíi tirẹ̀. Yóò dé Abẹ́òkúta, níbi tí Afala, ìyá Àjàyí, ti fojú kan ọmọ rẹ̀ ní 1846 lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n, tí ó sì bá ìyàwó àti ọmọ-ọmọ tí kò rí rí. Yóò dé Èkó, yóò bá Herbert níbi tí ó gbé ti Olóyè Olúwá lẹ́yìn nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọ́n dá wọn láre ní London ní 1921. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí ó bí ọkùnrin yìí, ìyá Abigail wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ìjọ Áńgílíkàn a máa ṣe ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí ó kú ní 1891. Mo bẹ àwọn tí yóò gun àga ìwàásù lọ́jọ́ náà, àti àwọn olùkọ́ tí ń sọ ìtàn Bíbélì Yorùbá fún ọmọdé, pé kí wọ́n dárúkọ Asano, kí wọ́n sì sọ pé olùkọ́ ni kí ó tó di aya bíṣọ́ọ̀bù. Kí ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kọ́ni rí sì lọ bá àwọn tí ó kọ́, kí ó bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀, nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè dáhùn.