Àkàrà Ọya Lẹ́nu Àlejò

Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, òórùn epo pupa tó ń hó ló máa ń fa àlejò lọ síbi tí yóò ti jẹun. Obìnrin aláṣọ funfun kan, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, jókòó sídìí agbada, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo. Àkàrà ni. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, baiana sì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tà á. Yóò la àkàrà náà, yóò ki edé gbígbẹ, ata, ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, àti vatapá, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti wàrà àgbọn sè, sí i nínú. Ọmọ Ìbàdàn tó débẹ̀ lè rò pé ilé lòun wà, àfi ìgbà tó bá rí ilá nínú àkàrà.

Ìsọ̀ oúnjẹ ojú títì lásán ni lójú ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ilẹ̀ Brazil, oúnjẹ Iansã, ìyẹn Ọya, ni acarajé. Baiana tó bá di àṣà mú máa ń kọ́kọ́ yọ kéékèèké díẹ̀ sọ́tọ̀ fún òrìṣà kó tó ta fún èèyàn. Kí wá ni kí Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí tó ń rìnrìn àjò ṣe? Ṣé kó jẹ ẹ́ kó máa lọ, àbí kó kọ́kọ́ béèrè?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kìíní, àwọn onígbàgbọ́ ìlú Kọ́ríńtì ní ilẹ̀ Gíríìkì kọ̀wé sí Pọ́ọ̀lù lórí ọ̀rọ̀ ẹran ẹbọ. Ohun ojoojúmọ́ ni fún wọn: yàrá ìjẹun wà nínú ọgbà àwọn ilé òrìṣà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú irú rẹ̀ jáde nílé òrìṣà Asklepios ní ìlú náà. Ìdáhùn Pọ́ọ̀lù ní ojú méjì. Ohun tí wọ́n bá tà lọ́jà, tàbí tí ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bá gbé síwájú àlejò, kó jẹ ẹ́, kó má ṣe wádìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá là á fún un pé ẹran ẹbọ ni, kó fi sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ ọ́.

Àwọn Mùsùlùmí ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú Muwatta, ìwé Imam Malik, ẹni tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ lórí òfin ẹ̀sìn. Khalífà Umar àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé ìdí omi kan lójú ọ̀nà. Amr, ọ̀kan lára wọn, béèrè lọ́wọ́ olómi bóyá ẹranko inú igbó máa ń wá mu níbẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lanu, Umar ní kó má dáhùn, nítorí àwọn ń mu lẹ́yìn ẹranko, ẹranko náà sì ń mu lẹ́yìn àwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àríwísí lè ní ńṣe ni Umar mọ̀ọ́mọ̀ di etí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi náà mọ́ títí tí nǹkan kan yóò fi fi hàn pé kò mọ́, arìnrìn-àjò tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún un kò ní rí ibi tí yóò dúró. Ìyàwó Ànábì, Aisha, ròyìn ọ̀ràn tó jọ èyí: àwọn kan mú ẹran wá, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́run nígbà tí wọ́n dú u. Ànábì ní kí àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ dárúkọ Ọlọ́run fúnra wọn, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu alápatà, ẹnu ẹni tó ń jẹun ló dá a padà sí.

Wàhálà Salvador ni pé ọmọ Yorùbá kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ọmọ Jámánì lè jẹ acarajé tán láìmọ̀ pé ó kan òrìṣà kankan. Ọmọ Yorùbá mọ Ọya. Síbẹ̀ nílé, láràárọ̀ Sátidé, pásítọ̀ àti ààfáà ń rán ọmọ lọ ra àkàrà tí wọ́n máa fi mu ògì, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ Ọya náà ni níhìn-ín, àkàrà kan náà sì ni wọ́n ń dín tí àgbàlagbà bá kú. Ta ló ń bi alákàrà léèrè? Ṣé òkun ló sọ àkàrà di ti òrìṣà ni?

Ẹbọ kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú epo. Èyí tí baiana yọ sọ́tọ̀ ni ti òrìṣà. Ìyẹn gan-an ni kò sì tà. Èyí tó gba owó lé lórí, ti oníbàárà ni.

Àwọn ajíhìnrere kan ní Bahia kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dín àkàrà wọn, wọ́n ń pè é ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù. Ẹ̀wà kan náà, alùbọ́sà kan náà, epo kan náà. Ó yẹ kéèyàn gba tiwọn rò, torí oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun yẹn ti kọ́kọ́ gbà pé àkàrà ní ẹ̀sìn, kó tó sọ pé òun yí i padà. Ìlànà ìjọba ìlú sì ní kí àwọn tó ń tà á wọ aṣọ ìbílẹ̀, nítorí náà àlejò kò lè fi aṣọ mọ ẹ̀sìn ẹni tó jókòó sídìí agbada.

Ọjọ́ Ẹtì ló tún wá lọ́jú pọ̀ jù. Ọjọ́ Oxalá ni, ìyẹn Ọbàtálá, ọ̀pọ̀ ọmọ Candomblé máa ń wọ funfun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń yẹra fún epo pupa. Ọjọ́ Ẹtì kan náà ni àwọn ilé oúnjẹ Salvador máa ń se ọbẹ̀ elépo jù lọ: ẹja, edé, vatapá. Òfin àwọn Kátólíìkì àtijọ́, tó ní kí wọ́n má jẹ ẹran lọ́jọ́ tí Jésù kú, ló fa ìyẹn. Nínú ilé oúnjẹ kan ṣoṣo, olórìṣà lè máa béèrè lọ́wọ́ agbáwo bóyá epo wà nínú ọbẹ̀, kí Kátólíìkì tó wà nídìí tábìlì kejì sì ti máa fi àkàrà Ọya gbààwẹ̀ ẹran.