Ọ̀rá Ara àti Ọ̀rọ̀ Àkúnlẹ̀gbà

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ara sísanra sí àmì wọ̀bìà, bí ẹni pé ìwà ẹ̀dá nìkan ni ó ń sọ bí ọ̀rá yóò ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí lára kantíkantí, ìyẹn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń rọ́ yí èso tó ti pọ́n jù ká, kò ti ìdájọ́ yẹn lẹ́yìn rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, Winifred Doane, onímọ̀ nípa àjogúnbá ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ìran kantíkantí kan tí orírun rẹ̀ jẹ́ Kàdúná sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé jíìnì kan, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì, ti bàjẹ́ lára wọn. Adipose ni wọ́n pe jíìnì náà. Ní 2007, Jonathan Graff àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas fi hàn pé iṣẹ́ kan náà ni purotéènì rẹ̀ ń ṣe lára aràn, kantíkantí àti eku: kì í jẹ́ kí ọ̀rá pọ̀ jù. Lára eku, ó jọ pé ó ń dí PPARγ lọ́wọ́, èyí tí í ṣe purotéènì tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì dàgbà pé kí ó di sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Eku tó jogún jíìnì yìí ní pípé láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo a máa sanra, ínsúlíìnì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ ni pé, bí ebi bá dé bá kantíkantí sísanra wọ̀nyí àti ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó sanra ni wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ohun tó jẹ́ àrùn nígbà ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ẹ̀mí là nígbà ìyàn. Nítorí náà, àbùkù kò sí nínú jíìnì nìkan, àárín jíìnì àti àkókò tó bá pàdé ni ó wà.

Nígbà tí Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Yorùbá, ń ṣàlàyé ìpín ẹ̀dá nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962, ó ya àkúnlẹ̀yàn, ohun tí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ yàn, sọ́tọ̀ sí àkúnlẹ̀gbà, ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àkúnlẹ̀gbà ni orúkọ tó yẹ ọ̀rá àjogúnbá, ẹ̀dá kì í sì í jẹ̀bi ohun tí kò yàn. Ìdí nìyí tí fífi ara ẹlòmíràn ṣẹ̀sín fi jẹ́ ìwà ìrẹ́jẹ gidi. Síbẹ̀, ohun tí a gbà lórí ìkúnlẹ̀ yìí kò tì pa: nígbà tí Graff àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi kún purotéènì Adipose fún ìgbà díẹ̀ nínú ọ̀rá kantíkantí tó ti dàgbà tán, tí ìyẹ́ ti pé lára rẹ̀, ọ̀rá náà dínkù.