Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ń Gbọ́ Ìtàn

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé wa ti oṣù yìí, bí ó tilẹ̀ lè dàbí ọ̀rọ̀ eré ní etí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn bá jókòó ti ìtàn kan fún ọdún mẹ́jọ, tí ó fi àkókò rẹ̀, owó rẹ̀ àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ tẹ̀lé e, ǹjẹ́ ìtàn náà ti di tirẹ̀ bí? Ǹjẹ́ ó ní àṣẹ láti wí fún ẹni tí ń sọ ọ́ pé, "Òpin yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, padà sẹ́yìn, kí o sì tún un sọ"? Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni èyí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn ti ń ṣe ìdájọ́ nínú ohun kékeré, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ń ṣe é nínú ohun ńlá. Ohun tí ó sì ń bí wa nínú nínú ìtàn a máa fi ohun tí ó wà nínú wa hàn.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ àsọdùn, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn mọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2011, ilé iṣẹ́ HBO ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi eré kan hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èyí tí a ń pè ní Game of Thrones. Inú àwọn ìwé George R. R. Martin ni a ti mú un, ẹni tí ó tẹ àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní ọdún 1996. Ìtàn àwọn ìdílé ọlọ́lá tí ń du ìtẹ́ kan ṣoṣo ni, ní ilẹ̀ àròsọ kan níbi tí dírágónì ti ń fò lójú ọ̀run, tí òkú sì ń dìde rìn. Apá mẹ́jọ ni a pín eré náà sí, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìpín 73. Èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn tí ó sì wò ó ní Amẹ́ríkà nìkan ní alẹ́ ọjọ́ náà ju mílíọ̀nù 19 lọ.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 tí apá keje parí, títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2019 tí apá kẹjọ bẹ̀rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ eré náà kò sinmi. Wọ́n ń jiyàn nínú ilé, ní ibi iṣẹ́ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ta ni yóò gun orí ìtẹ́? Ta ni yóò kú, ta ni yóò yè? Olúkúlùkù mú ẹ̀rí wá láti inú ohun tí ó ti rí, ó sì fi ẹ̀rí náà kọ́ òpin tí ó tọ́ lójú ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí apá kẹjọ dé, kì í ṣe ìtàn kan ni àwọn ènìyàn jókòó láti gbọ́. Òpò ìtàn ni ó ti wà nínú ọkàn àwọn olùwò, tí ìtàn ẹyọ kan yìí sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo wọn jà.

Ìjà náà le. Kí ìpín ìgbẹ̀yìn tó jáde rárá, ẹnìkan nínú wọn ti kọ ìwé ẹ̀hónú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí a tún apá kẹjọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì gbé e lé àwọn òǹkọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí oṣù karùn-ún náà tó parí, àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ti ju 1,000,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò retí pé HBO yóò gbọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn ni ó sún òun ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tí inú ń bí, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀sùn wọn tí ó lágbára jù lọ ni ìkánjú. Ìpín 10 ni apá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìpín 7 ni apá keje. Ìpín 6 péré ni apá kẹjọ. Kì í ṣe àìsí owó ni ó fa èyí, nítorí HBO ìbá ti fẹ́ kí eré náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùdarí rẹ̀, David Benioff àti D. B. Weiss, ni wọ́n pinnu pé ó ti tó. Ìrìn àjò tí ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn wá di ohun ìṣẹ́jú kan. Ènìyàn tí ó fi ọdún méje yí ìwà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ tún yí i padà ní alẹ́ kan. A gbà pé ẹ̀sùn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín odò. Ẹni tí ó bá pe ènìyàn jókòó pé òun ní ìtàn láti sọ ti jẹ gbèsè: ó jẹ gbèsè ìtọ́jú àti sùúrù, kí ó má sì ṣe fi ìkánjú ba ohun tí ó fi sùúrù kọ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n gbèsè ìtọ́jú kì í ṣe gbèsè ìgbọràn. Àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ pé àlọ́ kì í ṣe ti apàlọ́ nìkan. Àwọn tí ó jókòó yí i ká ni ń gbe orin rẹ̀, bí wọ́n bá sì dákẹ́, àlọ́ náà kú. Síbẹ̀ ẹni tí ń gbe orin kì í já ìtàn gbà lẹ́nu apàlọ́. Bí ó bá sú u, ó lè dìde lọ sùn. Bí kò bá dùn, ó lè wí bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n pa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó pa tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Nínú nǹkan mẹ́ta yìí ni ẹ̀tọ́ olùgbọ́ wà, ẹ̀tọ́ gidi sì ni. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni kí a ka iye orí kí a tó mọ bí ìtàn yóò ti parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní oṣù kejìlá ọdún 1893, Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn, kú nínú ìtàn, nítorí ó ti sú u. Inú bí àwọn olùkàwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dáwọ́ rírà ìwé ìròyìn tí ìtàn náà ń jáde nínú rẹ̀ dúró. Àwọn wọ̀nyí lo ẹ̀tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1903 kí Doyle tó gbà láti mú ọkùnrin náà padà bọ̀ láàyè, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi kọ ọ́.

Ẹni tí ó ni ìtàn pàápàá a máa di olùgbọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn. Eré mìíràn tí a mú láti inú ìwé Martin, House of the Dragon, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Apá rẹ̀ kejì jáde ní ọdún 2024 pẹ̀lú ìpín 8, nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ 10, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì kùn pé ó parí kí ogun tí wọ́n ń retí tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Martin alára kọ ọ̀rọ̀ jáde láti ṣàròyé lórí àwọn ohun tí a yí padà nínú ìtàn rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà kúrò. Bí ẹni tí ó bí ọmọ kò bá lè pàṣẹ fún ẹni tí a gbé e fún tọ́, mélòómélòó ni ẹni tí ó kàn ń kí i lójú ọ̀nà?

Ohun mìíràn tún wà tí kò dára nínú ìwé ẹ̀hónú náà: ó da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ òṣìṣẹ́. Òru 55 ni àwọn ènìyàn fi dúró nínú òtútù ilẹ̀ Àríwá Ireland láti ṣe ogun kan ṣoṣo nínú apá kẹjọ yẹn. Nígbà tí Sophie Turner, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà, gbọ́ nípa ìwé yìí, ó wí ní gbangba pé àìbọ̀wọ̀ ni fún àwọn tí ó ṣe làálàá náà. Òtítọ́ ni a lè sọ nípa iṣẹ́ pé kò dára, kí a má sì sọ nípa òṣìṣẹ́ pé ọ̀lẹ tàbí aláìmọ̀kan ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà fi ẹ̀bùn Emmy ti eré tí ó dára jù lọ dá eré kan náà lọ́lá. Kò sí ẹni tí ó ní láti fi ìyẹn sọ pé òun kò bínú mọ́; ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó rán wa létí pé ojú méjì lè wo ohun kan, kí méjèèjì má sì ṣe jẹ́ ojú òmùgọ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù lọ. Ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti Daenerys, ọmọ ọba obìnrin tí ó ní dírágónì. Ẹni tí ó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ni, tí ó sì fi ìyà jẹ àwọn tí ń ni wọ́n lára. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2018 nìkan, ọmọbìnrin tí ó ju 500 lọ ni a sọ ní Khaleesi, oyè rẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ìpín karùn-ún apá kẹjọ, ìlú tí ó ń bá jà lu agogo láti fi hàn pé òun ti juwọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó fi iná dírágónì sun ìlú náà, àti ọmọdé àti àgbà. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kígbe pé, "Kì í ṣe òun nìyí!"

Ǹjẹ́ kì í ṣe òun? Ní apá kẹrin, ó kan àwọn olówó ẹrú 163 mọ́ igi ní ìlú Meereen nítorí pé àwọn olówó ẹrú ti kan ọmọ ẹrú 163 mọ́ igi, kò sì wádìí èwo nínú wọn ni ó jẹ̀bi. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ní apá keje, ó fi iná sun bàbá àti ọmọ nítorí wọn kò kúnlẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn olùwò mọ pàṣán náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni ẹni tí ó bà. A kò sọ pé ọ̀nà tí àwọn olùdarí gbà dé ibẹ̀ kò kánjú. A ti gbà pé ó kánjú. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkánjú ni ẹ̀ṣẹ̀ apàlọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ jẹ́ ti olùgbọ́. Bí ìkà bá ń bọ́ sára ẹni tí a kórìíra, a máa ń pè é ní ìdájọ́ òdodo; ìgbà tí ó bá bọ́ sára aláìṣẹ̀ ni a tó ń béèrè ibi tí ó ti wá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó sì yẹ kí a wo ìwà ènìyàn dé òpin kí a tó fi ọkàn wa lé e lọ́wọ́, ìbáà ṣe nínú ìtàn, ìbáà ṣe ní ìlú.

Kí a má baà rò pé ìbínú nìkan ni ó wà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un. Emilia Clarke, tí ó ṣe Daenerys, ti ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ọpọlọ nígbà méjì ní àwọn ọdún tí eré náà ń lọ lọ́wọ́, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní SameYou láti ran àwọn tí ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí eré náà parí, àwọn kan láàárín àwọn tí ń bú òpin rẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là jọ fún ẹgbẹ́ náà, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò fẹ́ràn òpin ìtàn náà sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtàn àti ẹni tí ó ru ẹrù rẹ̀.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùgbọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìdájọ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dìde lọ. Kò ní ẹ̀tọ́ sí òpin tí ó fẹ́. Nígbà tí apá tuntun ìtàn mìíràn bá sì dé, tí àríyànjiyàn bá tún gba ìgboro kan, kí olúkúlùkù wa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun ti pàtẹ́wọ́, kí ó tó béèrè ibi tí apàlọ́ ti ṣìnà.